Bí Ìṣirò Ṣe Jẹ́ Ká Mọ Ìdí Tí Agbọ́n Kékeré Fi Borí Kòkòrò Funfun Orí Ẹ̀gẹ́

 

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ìbéèrè kan kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa: orí ẹ̀gẹ́ ń ká jọ, nǹkan funfun bí ẹfun bò ó, oògùn wo la lè fín sí i? Ìdáhùn wa kì í dùn mọ́ àwọn míì nínú, torí a máa ń ní kí wọ́n má fín nǹkan kan. Àwọn kan rò pé ìmọ̀ la fi ń ṣahun. Lónìí a fẹ́ sọ ibi tí ìdáhùn yẹn ti wá. Ìṣirò ló wà nídìí ẹ̀, ọjà ẹja ni ìṣirò náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Létí òkun Adriatic, lódìkejì ilẹ̀ Ítálì, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Fiume láyé ijọ́un. Rijeka ni wọ́n ń pè é báyìí, ní Croatia. Onímọ̀ nípa ẹranko kan tó ń jẹ́ Umberto D'Ancona kó àkọsílẹ̀ ọjà ẹja ìlú náà jọ, pẹ̀lú ti Venice àti Trieste, láti 1910 títí dé 1923. Ó fẹ́ mọ ohun tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi ẹja ṣe. Nígbà ogun náà, àwọn apẹja ò lè wọ òkun bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la máa rò pé tí a bá fi omi sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹja gbogbo ni yóò jọ pọ̀ sí i bákan náà. Ìwé ọjà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Fiume lọ́dún 1914, nínú 100 ẹja tó bá dé ọjà, nǹkan bí 12 ló jẹ́ ẹja apanijẹ, irú shark àti àwọn ìbátan rẹ̀. Nígbà tó fi di 1918, wọ́n ti di 36 nínú 100. Ogun parí, àwọ̀n padà sínú omi, nígbà tó sì di 1923, iye wọn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 11.

Ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tí apẹja sinmi, ẹja apanijẹ ló jàǹfààní ẹ̀. Nígbà tí apẹja padà dé, ẹja tí wọ́n ń pa jẹ ló jàǹfààní. Àbí ẹ ò rí i pé ó takókó?

D'Ancona gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ, Vito Volterra, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ìlú Róòmù. Ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ niṣẹ́ Volterra, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ohun tó ṣe rọrùn débi tí èèyàn fi lè kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tábà. Ìlà méjì péré ni. Ìlà kìíní sọ pé àwọn ẹja kéékèèké ń bí sí i fúnra wọn, wọ́n sì ń dín kù nígbàkigbà tí wọ́n bá pàdé apanijẹ. Ìlà kejì sọ pé àwọn apanijẹ ń kú díẹ̀díẹ̀ tí kò bá sí oúnjẹ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i nígbàkigbà tí wọ́n bá pàdé oúnjẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1926. Láì mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn òun, Alfred Lotka ní Amẹ́ríkà ti kọ irú ìlà méjì yẹn sínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1925, ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn méjèèjì fi wà lórí ìṣirò náà títí dòní. (Volterra yìí náà wà lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjìlá péré, nínú èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún, tó kọ̀ láti búra fún ìjọba Mussolini lọ́dún 1931. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbà ká dárúkọ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.)

Nǹkan méjì ló jáde nínú ìlà méjèèjì yẹn, àgbẹ̀ ló sì ni wọ́n ju apẹja lọ.

Àkọ́kọ́ ni pé tí ẹ bá wo ọ̀pọ̀ ọdún pa pọ̀, iye ẹja kékeré tó máa wà nínú omi ò sí lọ́wọ́ bí ẹja kékeré ṣe ń bímọ tó. Ọwọ́ ọ̀tá rẹ̀ ló wà: bí ọ̀tá náà ṣe mọ oúnjẹ wá tó, àti bó ṣe lè pẹ́ láyé tó. Tí ẹja kékeré bá túbọ̀ ń bí sí i, ọ̀tá ni yóò pọ̀ sí i. Ó dà bí ilé tí ọmọ pọ̀ sí, bí oúnjẹ ṣe ń wọlé náà ni ẹnu ń pọ̀ nídìí àwo.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Tí ẹ bá mú ohun kan tó ń pa tọ̀túntòsì, ìyẹn tó ń pa ẹja kékeré tó sì ń pa ọ̀tá rẹ̀, ìṣirò náà ní ọ̀tá ni yóò dín kù, ẹja kékeré ni yóò sì pọ̀ sí i. Ìyà méjì ló ń jẹ ọ̀tá: ohun tó ń pani pa á, oúnjẹ rẹ̀ náà tún dín kù.

Ẹ wá mú àwọ̀n kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi apakòkòrò sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣàpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní kòkòrò 1,000 wà lóko yín, ọ̀tá wọn sì jẹ́ 100. Ẹ fín oògùn tó pa 80 nínú 100 lára àwọn méjèèjì. Ó ku kòkòrò 200, ó ku ọ̀tá 20. Tẹ́ ẹ bá wò ó lójú, ẹ ti ṣẹ́gun. Àmọ́ àwọn 200 yẹn ní gbogbo ewé oko fún ara wọn, ẹyin ni wọ́n ń yé. Àwọn 20 yẹn wá ní láti wá ohun tó wà níbi gbogbo tẹ́lẹ̀ káàkiri oko, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò ti padà dé, ọ̀tá ò tíì padà. Ẹni tó fín oògùn á wá sọ pé oògùn náà ò lágbára, á lọ ra èyí tó gbóná jù ú lọ. Ẹni tó ń tà á ò ní dá a dúró.

Àwọn àgbẹ̀ ọsàn ní California ti fojú ara wọn rí i. Láti Ọsirélíà ni kòkòrò olówùú kan ti wọ ibẹ̀ ní nǹkan bí 1868, ó sì fẹ́ pa oko ọsàn wọn run. Lọ́dún 1888 sí 1889, wọ́n lọ mú kòkòrò kékeré roboto kan wá láti Ọsirélíà náà, èyí tó ń jẹ kòkòrò olówùú yẹn. Kò pẹ́ rárá, ọsàn bọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí DDT fi dé ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n fín in sínú oko ọsàn, ó pa kòkòrò roboto, kòkòrò olówùú sì tún jí dìde. Ìlà méjì Volterra ti wà nínú ìwé láti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ta ló kà á fún àgbẹ̀?

A ò ní sọ pé ìṣirò kì í ṣì. Ní Sydney, Nicholson tó mọ̀ nípa kòkòrò àti Bailey tó mọ̀ nípa físíìsì jọ ṣe ìṣirò tiwọn, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1935. Wọ́n dojú ẹ̀ kọ agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò míì. Lórí ìwé, iye àwọn méjèèjì ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, ó tún ń lọ sókè jù ti tẹ́lẹ̀, títí gbogbo wọn fi parun. Nínú oko gidi, wọn kì í sábà parun bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìṣirò ti yà kúrò lára oko yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn béèrè ohun tí oko ní tí ìwé ò ní. Oko ní igun tó fara pamọ́, ó ní òjò, ó ní ilẹ̀ tó sàn àti ilẹ̀ tí kò sàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa látilẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó ń bọ̀, ó fi púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń bá a jà sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn wá bá a nígbẹ̀yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n rí kòkòrò funfun kan ní ilẹ̀ Kóńgò méjèèjì, ó ń fa omi orí ẹ̀gẹ́ mu. Lọ́dún 1977 ni àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ Phenacoccus manihoti. Abo nìkan ni wọ́n, wọn ò nílò akọ kí wọ́n tó bímọ, ọ̀kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó lé ní 400. Atẹ́gùn ń gbé e, àwa èèyàn náà sì ń bá a gbé igi ẹ̀gẹ́ tó wà lára rẹ̀ láti oko sí oko. Nígbà tó di 1979, ó ti dé Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ewé a ká jọ, igi a kúrú, a wọ́, kò ní ṣe é gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Níbi tó ti le jù, ẹ̀gẹ́ tó yẹ ká wú tó 100 lè dín 80. Àwọn àgbà tó ti ń dáko nígbà yẹn ò lè gbàgbé ẹ̀, torí ẹni tí ò rí ẹ̀gẹ́ wú ò rí gàrí, ò rí láfún, ò sì rí igi tó máa gbìn.

Ní Ìbàdàn, ní iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, ọmọ Switzerland kan tó ń jẹ́ Hans Herren dé lọ́dún 1979. Ìrònú tó gbé dání bá ohun tí ìlà méjì yẹn sọ mu: tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tá ni iye kòkòrò wà, tí kòkòrò yìí sì ti fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ nílé, a jẹ́ pé ká lọ mú ọ̀tá yẹn wá. Ilé wo? Wọ́n wá a ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. Àwọn ọ̀tá ìbejì yẹn ò ṣiṣẹ́ lára kòkòrò tiwa. Irú mìíràn ni, wọ́n sì wá sọ ọ́ ní Phenacoccus herreni. Lọ́dún 1981 ni Anthony Bellotti rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay. Ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì jẹ́ àmì pé nǹkan kan ń pa á. Agbọ́n kékeré kan wà lára ohun tó ń pa á, tí gígùn rẹ̀ kò tó mílímítà méjì, kì í ta èèyàn. Epidinocarsis lopezi ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Anagyrus lopezi ló ń jẹ́ báyìí. Inú kòkòrò funfun ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà gbé àrùn míì dé, kó tó wá sí Ìbàdàn. Oṣù kọkànlá 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó yá, bàálù ni wọ́n tún fi ń tú u láwọn ibì kan.

Kòkòrò ń dín kù. Àmọ́ ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, torí ẹyin agbọ́n yìí kéré púpọ̀ sí ti kòkòrò funfun. Tó bá jẹ́ ìdíje ọmọ bíbí ni, agbọ́n ò yẹ kó rọ́wọ́ mú. Ṣé òjò ló ń pa kòkòrò náà ni? Àbí àwọn kòkòrò roboto ilẹ̀ wa tó ń jẹ ẹ́? Tí a ò bá mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, a ò ní mọ ẹni tí a máa dáàbò bò.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé. Andrew Paul Gutierrez, láti yunifásítì California ní Berkeley, àtàwọn èèyàn IITA jọ kọ́ oko ẹ̀gẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1988. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ti Volterra ni pé ara ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ewé gba oòrùn, ó fi ṣe oúnjẹ, oúnjẹ pín sí ewé, igi àti iṣu ẹ̀gẹ́. Kòkòrò funfun gba tiẹ̀ nínú oúnjẹ yẹn. Agbọ́n gba tiẹ̀ lára kòkòrò funfun. Òjò, oòrùn àti ooru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọ inú ìṣirò náà. Nígbà tí oko orí kọ̀ǹpútà yẹn bá ti ń hùwà bí oko gidi, wọ́n lè ṣe ohun tí àgbẹ̀ kankan ò jẹ́ fi oko ẹ̀ ṣe: kí wọ́n mú agbọ́n kúrò pátá, kí wọ́n mú òjò kúrò, kí wọ́n fi kòkòrò roboto nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Òjò ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó ń fọ kòkòrò kúrò lórí ewé, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni kòkòrò náà ń jà, òjò ò sì sí nígbà yẹn. Àwọn kòkòrò roboto ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti pọ̀ gan-an ni wọ́n ń dé, bí ẹni tó dé òde àríyá nígbà tí wọ́n ń kó àga. Agbọ́n nìkan ló ń rí kòkòrò funfun nígbà tó ṣì wà lẹ́yọ lẹ́yọ. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò ti bà lára jẹ́ gan-an ló ń fà á dé ibẹ̀. Ìmọ̀ọ́wá rẹ̀ ló fi borí, bí Volterra ṣe wí.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú oko gidi náà. Wọ́n fín apakòkòrò sí ẹ̀gẹ́ níbì kan, wọ́n fi òmíràn sílẹ̀ láìfín. Ibi tí wọ́n fín in sí, agbọ́n kú, kòkòrò funfun sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí wọn ò fín lọ. Ọ̀rọ̀ ọjà ẹja Fiume nìyẹn, nínú oko ẹ̀gẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn wa nìyẹn tí a bá ní kí ẹ má fín.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tá a ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn wá kù. Wọ́n tún mú agbọ́n kejì wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ìbátan ti àkọ́kọ́, ó ń jẹ́ Epidinocarsis diversicornis. Kò gbilẹ̀. Ìṣirò tí Gutierrez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún 1993 ṣàlàyé ohun tó fà á. Agbọ́n wọ̀nyí ń yan akọ tàbí abo gẹ́gẹ́ bí kòkòrò funfun tí wọ́n bá ṣe tóbi tó. Nínú kòkòrò kékeré, ẹyin akọ ni wọ́n ń yé; nínú èyí tó tóbi, ẹyin abo. Lopezi lè rí abo bí nínú kòkòrò tí kò tíì tóbi tó fún ìkejì rẹ̀, nítorí náà ó ti ń jẹ oúnjẹ tán kí ìkejì tó dé ìdí àwo.

Ibi tó kàn wá nìyí. Lórí ilẹ̀ iyanrìn tó ti rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ò rí oúnjẹ jẹ, kòkòrò tó ń fa omi rẹ̀ náà á kéré. Tí kòkòrò bá kéré, akọ ni agbọ́n á máa bí ṣáá, akọ kì í sì yé ẹyin. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò funfun fi ṣì ń jà ní àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oko tí ara rẹ̀ yá. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́, ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tàbí fatiláísà sí i bí agbára bá ṣe mọ. Ó lè dà bíi pé ẹ ń bọ́ kòkòrò pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, òótọ́ sì ni, kòkòrò náà á sanra. Àmọ́ inú kòkòrò tó sanra ni agbọ́n ti ń bí abo.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òfin fún gbogbo kòkòrò o. Ẹ̀gẹ́ máa ń wà nílẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbọ́n ń ráyè tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò rí bẹ́ẹ̀, a ò sì ní tan yín.

Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Norgaard, ṣírò owó iṣẹ́ yìí lọ́dún 1988: náírà kan tí wọ́n ná mú nǹkan bí 149 wọlé. Herren gba World Food Prize lọ́dún 1995. Nígbà tí kòkòrò funfun yìí kan náà wọ Thailand lọ́dún 2008, ọ̀dọ̀ wa nítòsí ibí ni wọ́n ti wá mú agbọ́n. Láti ilé iṣẹ́ IITA ní Kòtónù ni wọ́n ti gbé e lọ lọ́dún 2009, wọ́n sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí funfun lórí ẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wá àwọn kòkòrò tó ti gan, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, tó le bí èèpo ẹ̀wà, tí ihò roboto kékeré sì wà lára rẹ̀. Agbọ́n ló ti jáde gba ibẹ̀. Tí ẹ bá rí mélòó kan bẹ́ẹ̀, ẹ gbé táǹkì oògùn padà sílé, ẹ bo ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́ yín, ẹ má sì gé igi tó ní nǹkan funfun lára fún gbígbìn. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.